Ìsúnkì Ọ̀rọ̀ Nínú Gẹ̀ẹ́sì Àkọ́bẹ̀rẹ̀: Iṣẹ́ Tí Ó Kan Olùkọ́ Yorùbá Ní Àríwá Èkìtì

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nínú ẹ̀kọ́ èdè, ilé ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni èdè Yorùbá àti ẹ̀ka-èdè Èkìtì tí ó bá lẹ́nu ìyá rẹ̀. Òde ni Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń pàdé ní kíláàsì. Àríyànjiyàn kan ti wà tipẹ́ láàrin àwọn tí ń kọ́ ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́. Ṣé ó yẹ kí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè náà pàdé "I'm", "don't", "can't" àti "it's"? Tàbí kí olùkọ́ fi wọ́n pamọ́ títí ọmọ yóò fi mọ "I am", "do not", "cannot" àti "it is" dunjú?

Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ohun kékeré. Ó sì lè dà bí ohun tí kò kan ẹ̀ka Yorùbá rárá, tí ó yẹ kí a fi lé ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ìmọ̀ tí ó lè yanjú àríyànjiyàn náà kò sí nínú ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ó wà nínú ohun tí ẹ̀ka Yorùbá ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la lójoojúmọ́, èyíinì ni ìpajẹ, àrànmọ́, ètò sílébù àti ohùn. Bí olùkọ́ Yorùbá bá dákẹ́, àwọn ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀.

Igun Méjì Tí Ó Ń Jà

Igun kìíní gbà pé ìwà ọ̀lẹ ni ìsúnkì jẹ́, lẹ́nu àti lórí ìwé. Wọ́n ní ọmọ tí kò tíì rí "do" àti "not" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè mọ ohun tí ó wà nínú "don't". Wọ́n tún ń tọ́ka sí ìdánwò. Nínú lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ tí àjọ WAEC ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ, odindi ọ̀rọ̀ ni a ń retí; inú lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí ni ìsúnkì ti ní ààyè. Ẹ̀rù ń ba olùkọ́ pé bí ọmọ bá ti kékeré kọ́ èyí tí ó kúrú, kò ní mọ èyí tí ó gùn lò mọ́ nígbà tí ó bá dàgbà. Ìkórìíra yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Èkìtì. Ní ọdún 1710, Jonathan Swift, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Ireland, bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà gígé ọ̀rọ̀ kúrú nínú ìwé ìròyìn The Tatler. Ó ti ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ báyìí, àwọn tí wọ́n ni èdè náà kò sì gba ìmọ̀ràn rẹ̀.

Igun kejì ní kí a jẹ́ kí ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí àwọn tí wọ́n ni ín ṣe ń sọ ọ́, láti ọjọ́ kìíní. Wọ́n ní ìsúnkì ni ọmọ ń gbọ́ lórí rédíò, lórí tẹlifíṣọ̀n àti nínú fóònù àwọn òbí rẹ̀. Ìlú Ìkọ̀lé fúnra rẹ̀ sì ti yí padà. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọyẹ́-Èkìtì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2011, ti ní ọgbà kan níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣiríṣi ẹ̀yà ń yá ilé gbé láàrin ìlú. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá nínú wọn ń fi Gẹ̀ẹ́sì ná ọjà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń tajà ń gbọ́ "I don't want it" kí olùkọ́ rẹ̀ tó kọ "I do not want it" sójú pátákó.

Igun méjèèjì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ohun tí ó ṣe igun méjèèjì ni pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ náà wọ kíláàsì lọ́wọ́ òfìfo. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìsúnkì Kò Ṣàjèjì Sí Ọmọ Yorùbá

Ọmọ tí ó bá ń sọ Yorùbá ti ń sún ọ̀rọ̀ kì láti ìgbà tí ó ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. "Ṣe iṣẹ́" di "ṣiṣẹ́" lẹ́nu rẹ̀, "kọ orin" di "kọrin", "gbá ilẹ̀" di "gbálẹ̀". Nínú "ka ìwé" tí ó di "kàwé", fáwẹ̀lì kan ti pa jẹ, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ kò bá a lọ; ó bọ́ sórí "ka", ó sì gba ipò ohùn àárín tí ó wà níbẹ̀. Ohun tí ó sọnù fi àmì sílẹ̀, etí ọmọ náà sì mọ àmì ọ̀hún.

Kì í ṣe fáwẹ̀lì nìkan ni ó ń yí padà. "Ní ilé" di "nílé", ṣùgbọ́n "ní ọjà" di "lọ́jà", kọ́ńsónáǹtì "n" sì ti di "l". Irú àyípadà kan náà ni ó wà nínú orúkọ oyè àwọn ọba Èkìtì. "Oní" àti "Ọyẹ́" pàdé, wọ́n di Ọlọ́yẹ́. "Oní" àti "Ará" pàdé, wọ́n di Alárá. Ẹni tí ó bá ń wá "oní" nínú Ọlọ́yẹ́ pẹ̀lú ojú lásán kò lè rí i, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń wá "will" nínú "won't" kò ṣe lè rí i. "Wol", tí í ṣe ọ̀kan lára ìrísí àtijọ́ tí "will" ní, ni ó fara pamọ́ sínú "won't" títí di òní. Èdè méjèèjì ń ṣe ohun kan náà: wọ́n ń pa ọ̀nà tí a ń gbà lójoojúmọ́ kúrú.

Ọmọ àríwá Èkìtì tún ní àǹfààní kan. Ó ń sọ "ulé" nílé, ó ń kọ "ilé" ní kíláàsì. Láti kékeré ni ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan lè ní ìrísí méjì, àti pé ibi tí a bá wà àti ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni yóò pinnu èyí tí ó yẹ. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ nílò láti mọ ìyàtọ̀ láàrin lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ àti lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ gan-an nìyí. Ìbẹ̀rù igun kìíní pé ọmọ kò lè mú ìrísí méjì pọ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ibi Tí Gẹ̀ẹ́sì Ti Yà Kúrò Lọ́nà

Bí ó ti wù kí ó rí, ibì kan wà tí ẹ̀ṣọ́ ilé kò bá òde mu, ibẹ̀ ni ewu sì wà. Ọ̀rọ̀ nípa ìyísódì ni. Nínú Yorùbá, "wọn kò wá" máa ń di "wọn ò wá". "Ẹ kò rí i" di "ẹ ò rí i". Kọ́ńsónáǹtì ti lọ. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ ni ó kù, òun ni ó sì ń ru gbogbo ẹrù ìyísódì náà. Síbẹ̀, ọmọdé kì í ṣi "wọn ò wá" gbọ́ sí "wọ́n wá". Etí rẹ̀ ti mọ̀ pé inú fáwẹ̀lì àti ohùn ni kí òun ti wá a.

Gẹ̀ẹ́sì fi ìyísódì tirẹ̀ pamọ́ sí ibòmíràn. Ní ìparí sílébù, lórí "t" tí ó kẹ́yìn "can't" àti "don't", ni ó wà. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù. Fáwẹ̀lì nìkan, tàbí kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì, tàbí kọ́ńsónáǹtì aránmúpè aṣesílébù ni sílébù wa. Nígbà tí Yorùbá yá "paint" àti "cement" lò, a ní láti fi fáwẹ̀lì ti "t" lẹ́yìn kí ó má baà ṣubú, wọ́n sì di péńtì àti sìmẹ́ńtì. Nínú gbólóhùn tí a ń sọ kíákíá, kò sí fáwẹ̀lì tí yóò ti "t" lẹ́yìn, nítorí náà ó máa ń ṣubú lẹ́nu, ó sì máa ń ṣubú létí.

Kì í ṣe "t" nìkan ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń dá "can't" mọ̀. Bí "can" bá wà láàrin gbólóhùn, wọ́n máa ń pè é fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. "Can't" ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fáwẹ̀lì inú méjèèjì pàápàá yàtọ̀ síra. Lẹ́nu Yorùbá, "a" kan ṣoṣo ni ó wà fún méjèèjì, ìwọ̀n kan náà ni a sì sábà máa ń fún wọn. Àbájáde rẹ̀ ni pé "You can drink it" àti "You can't drink it" lè dé etí ọmọ bí ohun kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ òdìkejì ara wọn ni wọ́n jẹ́. Kí olùkọ́ ro ohun tí èyí lè fà bí nọ́ọ̀sì bá ń ṣàlàyé ìlò oògùn, tàbí bí ẹnì kan bá ń kìlọ̀ fún ọmọ nípa omi, iná mànàmáná tàbí títì. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ máàkì, tí ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Ohun Tí Ìfipamọ́ Ń Bí

Bí ewu bá wà nínú ìsúnkì, ṣé kò yẹ kí a fi í pamọ́ fún ọmọdé? Ìdáhùn wà nínú ohun tí gbogbo olùkọ́ ń rí. Jákèjádò Nàìjíríà, "Am coming" àti "Am fine" kún inú lẹ́tà àti iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń jẹ́ síra wọn lórí fóònù. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò ṣe ọ̀lẹ. "I'm" ni ó gbọ́, ní sílébù kan. Kò sẹ́ni tí ó fi hàn án pé ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà níbẹ̀. Ó wá wo inú ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ, ó rí "am" níbẹ̀, ó sì gbà pé òun ni òun gbọ́. Báyìí ni ó ṣe sọ olùwà gbólóhùn nù. Bí a bá ti kọ "I am" àti "I'm" sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún un ní kékeré, ìbá má ti ṣe àṣìṣe náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "its" àti "it's" rí, àti "your" àti "you're", àti "their" àti "they're". Lẹ́nu púpọ̀ nínú wa, ìró kan náà ni méjì-méjì wọn ní, nítorí náà etí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ojú àti òye gírámà nìkan ni ó lè ṣe é. Ìfipamọ́ kò dí ọmọ lọ́wọ́ láti pàdé ìsúnkì. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ọmọ ń dá pàdé rẹ̀ láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Dídà gbogbo rẹ̀ lé ọmọ lórí lẹ́ẹ̀kan kò sì dára. "He's" lè jẹ́ "he is", ó sì lè jẹ́ "he has". "I'd" lè jẹ́ "I had" tàbí "I would". Àmì kan náà yìí ni Gẹ̀ẹ́sì tún ń fi ṣe ìní, bí ó ti wà nínú "Adé's book". Ọmọ tí kò tíì mọ "has" àti "would" kò lè yan èyí tí ó tọ̀nà. Ibí yìí ni igun kejì ti ń yára jù.

Ọ̀rọ̀ Nípa Àmì Ìpajẹ

Ìṣòro mìíràn wà tí ó kan ẹ̀ka Yorùbá tààrà, èyí ni ọ̀rọ̀ àmì kékeré tí a ń kọ sókè níbi tí lẹ́tà bá ti sọnù. Àwọn ìwé orin ìsìn àtijọ́ lò ó púpọ̀ nínú Yorùbá kí ọ̀rọ̀ lè bá orin mu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan ṣì ń kọ "l'ọ́jà" àti "n'ílé" títí di òní. Nínú àkọtọ́ òde òní, tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ọdún 1974, "lọ́jà" àti "nílé" ni à ń kọ. A kì í fi àmì kankan ṣọ̀fọ̀ fáwẹ̀lì tí ó lọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, dandan ni àmì náà. Yọ ọ́ kúrò nínú "we'll", ó di "well", kànga. Yọ ọ́ kúrò nínú "she'll", ó di "shell", ìkarahun. Ọmọ tí a kò bá ṣàlàyé èyí fún yóò gbé àṣà èdè kan wọ inú èkejì. Yóò kọ "dont" ní Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì kọ "s'ílé" ní Yorùbá. Olùkọ́ tí ó mọ òfin àkọtọ́ méjèèjì nìkan ni ó lè tú okùn náà, ìyẹn olùkọ́ tí ó ka Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdí Tí Kò Fi Yẹ Kí A Fòní Dónìí Fọ̀la Dọ́la

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba wọ́gi lé e, ó sì ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó jẹ́ èdè ìkọ́ni láti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ní ìdí láti kọminú. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà, olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò rẹ̀yìn sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Ohun yòówù kí a rò nípa ìlànà tuntun náà, ó ti sọ ọ̀rọ̀ ìsúnkì di kánjúkánjú. Olùkọ́ tí yóò máa fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ ọdún márùn-ún sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán kò lè fi "don't", "let's" àti "it's" pamọ́; wọn yóò máa jáde lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Bí Yorùbá kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fi ṣàlàyé, ọmọ yóò máa gbọ́ ariwo lásán.

Ìmọ̀ràn

Èkíní, kí etí ṣáájú ẹnu, kí ẹnu sì ṣáájú ọwọ́. Ní ọdún kìíní, ó tó kí ọmọ gbọ́ "I'm", "it's", "let's" àti "don't" nínú àṣẹ àti ọ̀rọ̀ kéékèèké, kí ó sì fi ìṣe dáhùn. Kò pọn dandan kí ó kọ wọ́n.

Èkejì, bí àsìkò kíkà bá tó, kí olùkọ́ kọ ìrísí méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú pátákó, kí àpẹẹrẹ Yorùbá sì wà lókè wọn: "ka ìwé, kàwé", "I am, I'm". Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún un. Kò béèrè ẹ̀rọ, kò béèrè owó, kíláàsì tí ó kún fọ́fọ́ kò sì lè dí i lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, kí a fi ọwọ́ ọ̀tọ̀ mú "can't". Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ìkìlọ̀, "cannot" àti "do not" ni kí olùkọ́ máa lò, nítorí odindi sílébù ni "not" níbẹ̀, etí Yorùbá kò sì lè fò ó. Lẹ́yìn èyí ni kí ó wá dá etí ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Kí ó máa pe "can" àti "can't" nínú gbólóhùn, kí àwọn ọmọ dìde fún ọ̀kan, kí wọ́n jókòó fún èkejì. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ yóò tètè mọ̀ bóyá ẹnu òun ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tí ó ní kí ó máa sọ̀rọ̀ bí ará Lọ́ńdọ̀nù. Kí ìtumọ̀ yéni ni a ń wá.

Ẹ̀kẹrin, kí "I'd" àti "he's" tí ó dúró fún "he has" dúró di ìgbà tí ọmọ bá ti mọ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe inú wọn. Nínú ìwé kíkọ, kí odindi ọ̀rọ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀, kí ìsúnkì sì wọlé pẹ̀lú ìtàn, ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì àti lẹ́tà sí ọ̀rẹ́. Kí a sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ, kí a má kàn fi pupa fa ìlà sí i.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ jùmọ̀ kọ́ àwọn tí ń ka iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ fún ìwé ẹ̀rí NCE ní ẹ̀kọ́ yìí. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ìpajẹ ní yàrá kan, ó kọ́ ìsúnkì ní yàrá kejì, kò sì sẹ́ni tí ó so wọ́n pọ̀ fún un. Nígbà ìdánrawò ìkọ́ni, kí àwọn olùbẹ̀wò máa wò ó bóyá olùkọ́ ọ̀la náà lè fi ohun tí ọmọ mọ̀ ṣàlàyé ohun tí kò mọ̀.

Ìkádìí

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a fẹ́ gbé lé olùkọ́ Yorùbá lọ́rùn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó, olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó ń kọ́ kíláàsì kan ní gbogbo iṣẹ́, nítorí náà ìyàtọ̀ náà kò sí níwájú àwọn ọmọ. Ẹni tí ó ń kọ́ wọn ní "kàwé" ní òwúrọ̀ ni yóò kọ́ wọn ní "can't" ní ọ̀sán. Bí ó bá ti kọ́ láti inú Yorùbá bí ọ̀rọ̀ ṣe ń sún kì, àti ibi tí ìyísódì ń sá sí nínú èdè kọ̀ọ̀kan, yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó pe àwọn ọmọ náà sí. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá sì sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé kí ó má mu ohun kan, yóò gbọ́ "má" tí ó wà níbẹ̀.